Orí Keje: Láti Yàrá Ìwádìí Fásitì dé Ilé-Iṣẹ́ Oògùn: Iṣẹ́ Katalin Karikó

Èròńgbà orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé iṣẹ́ tí mRNA ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì;
2. sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbéèrè tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá ìdáhùn sí ní fásitì àti èyí tí ó ń wá ìdáhùn sí ní ilé-iṣẹ́ oògùn;
3. to àwọn ìpele tí oògùn ń là kọjá kí ó tó dé ọwọ́ aráàlú;
4. tọ́ka sí ibi tí ìwádìí lè há sí lójú ọ̀nà, àti ohun tó lè tú u sílẹ̀.

7.1 Ìbéèrè méjì lórí ohun kan náà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìròyìn kàn káàkiri ayé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ilé-iṣẹ́ BioNTech ti Jámánì àti Pfizer ti Amẹ́ríkà jọ ṣe ń dènà àrùn Kòrónà. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n dáwọ́ lé e. Inú àwọn kan dùn. Àwọn mìíràn fura, wọ́n ní iṣẹ́ náà ti yá jù. Ohun tó bí ìfura yìí ni pé apá ìkẹyìn iṣẹ́ náà nìkan ni aráyé rí. Apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nínú àwọn yàrá ìwádìí tí oníròyìn kì í yà sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ni Katalin Karikó, onímọ̀ nípa kẹ́míkà inú ohun ẹlẹ́mìí, tí òun àti Drew Weissman jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2023.

A yan iṣẹ́ Karikó fún orí yìí nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ní fásitì, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Ẹ̀yìn ohun kan náà ni ìhà méjèèjì ń tọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn yàtọ̀. Ní fásitì, ìbéèrè ni pé: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló sì fà á? Bí ìdáhùn bá ti dé, wọn a kọ ọ́ sínú jọ́nà, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ní ilé-iṣẹ́ oògùn, ibi tí iṣẹ́ fásitì parí sí ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀: ṣé a lè ṣe é lónìí, kí a tún ṣe é lọ́la kó rí bákan náà? Ṣé kò ní pa ẹni tó bá gbà á lára? Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó bàjẹ́? Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Fásitì kò ní owó àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe oògùn fún mílíọ̀nù ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ kò sì ní sùúrù láti fi ogún ọdún wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí kò tíì dájú pé èrè wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó lè dá ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí máa ń há sí ni àárín àwọn méjèèjì, níbi tí ìmọ̀ ti gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àárín yẹn ni orí yìí dá lé.

7.2 Láti Kisújszállás dé Philadelphia

A bí Karikó ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ní ìlú Szolnok, ní orílẹ̀-èdè Húngárì. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Kisújszállás ni ó dàgbà sí. Alápatà ni bàbá rẹ̀, akọ̀wé owó sì ni ìyá rẹ̀. Ilé wọn kò ní omi ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Fásitì Szeged, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1982. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí RNA ní ibùdó ìwádìí ńlá kan ní ìlú Szeged kan náà.

Ní ọdún 1985, owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìwádìí rẹ̀ tán. Fásitì Temple ní Philadelphia fún un ní iṣẹ́. Ìjọba Húngárì ìgbà náà kò jẹ́ kí aráàlú mú owó púpọ̀ jáde. Karikó àti ọkọ rẹ̀, Béla Francia, ta mọ́tò wọn, wọ́n sì rán 900 pọ́n-ùn mọ́ inú béárì aláṣọ tí Susan, ọmọ wọn ọlọ́dún méjì, fi ń ṣeré. Báyìí ni ìdílé náà ṣe wọ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Temple, ó lo àkókò díẹ̀ ní fásitì ìmọ̀ ìṣègùn ti àwọn ológun ní Bethesda. Ní ọdún 1989 ni ó dé Fásitì Pennsylvania, níbi tí yóò ti lo ohun tó ju ogún ọdún lọ.

7.3 Iṣẹ́ tí mRNA ń ṣe

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí ohun tí Karikó ń wádìí yé wa. Nínú kóró sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, òun ló sì ní gbogbo ìlànà bí a ṣe ń ṣe èròjà ara. Ṣùgbọ́n ìta kóró yìí ni ibi tí a ti ń ṣe purotéènì, DNA kì í sì í jáde. Ọba kì í fi ààfin sílẹ̀ lọ jíṣẹ́ fúnra rẹ̀; àrokò ni ó ń fi ránṣẹ́. mRNA ni àrokò yẹn. Sẹ́ẹ̀lì a da apá kan nínú ìlànà tó wà lára DNA kọ sára mRNA, mRNA a jáde kúrò nínú kóró, àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tó ń jẹ́ ríbósóòmù a kà á, wọn a sì ṣe purotéènì tí ó bá pè fún. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, sẹ́ẹ̀lì a fọ́ àrokò náà sí wẹ́wẹ́. Ọdún 1961 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé mRNA wà.

Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi ń kọ mRNA: A, U, G àti C. Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Harvard lo ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n mú lára fáírọ́ọ̀sì láti ṣe RNA nínú ìgò, láìsí sẹ́ẹ̀lì rárá. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Wisconsin fi irú mRNA bẹ́ẹ̀ gún iṣan eku, iṣan náà sì ṣe purotéènì tí wọ́n fẹ́. Láti ìgbà yẹn ni àwọn kan ti rò ó pé bí a bá lè kọ àrokò tiwa ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe oògùn tí ó nílò.

Ìdènà mẹ́ta ló dúró sójú ọ̀nà. Èkíní, mRNA kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ọ wà níbi gbogbo, títí kan awọ ara ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Èkejì, kì í fúnra rẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kẹta, ara máa ń gbógun tì í bí ẹni pé kòkòrò àrùn ló dé. Nítorí àwọn ìdènà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀yìn sí mRNA, wọ́n sì gbájú mọ́ ìwòsàn tó ń lo DNA. Karikó kò kọ̀yìn sí i. Ó ní ìdí tirẹ̀: mRNA kì í wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì, kì í sì í fọwọ́ kan DNA, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ó tán nìyẹn. Fún oògùn tí a fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bíbàjẹ́ kíákíá yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀.

7.4 Ọdún tí owó kò wọlé

Ní Pennsylvania, Karikó bá Elliot Barnathan ṣiṣẹ́, dókítà onímọ̀ nípa ọkàn. Wọ́n fi mRNA sínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà sì ṣe purotéènì tuntun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ìrètí wọn ni láti fi irú ọ̀nà yìí wo iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn.

Láti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní fásitì Amẹ́ríkà, olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba tàbí àjọ aládàáni. Nínú owó yìí ni a ti ń ra kẹ́míkà, nínú rẹ̀ ni a ti ń san owó oṣù àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn owó oṣù olùwádìí fúnra rẹ̀ pàápàá. Àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò ka ìwé náà, àwọn ni yóò sì sọ bóyá ó yẹ. Ìwé tí Karikó kọ ń padà wá léraléra pẹ̀lú ìdáhùn pé rárá. A kò lè pe àwọn tó kọ̀ ọ́ ní òpè. Ìdènà mẹ́ta tí a kà sókè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì tíì sí ẹni tó rí ojútùú sí wọn. Ìṣòro ètò bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí sí rere ló máa ń tètè rí owó gbà, èyí tó jìnnà sí àṣeyọrí, kódà bí ó bá ṣe pàtàkì, a máa jókòó sẹ́yìn.

Ní ọdún 1995, wọ́n fún Karikó ní yíyàn méjì: kí ó lọ, tàbí kí ó gba ipò tó rẹlẹ̀ sí èyí tó wà, tí owó oṣù rẹ̀ sì kéré. Ọ̀nà tó ń lọ sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n mú un kúrò yẹn. Ní àkókò yẹn kan náà, dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn jẹjẹrẹ ló ń ṣe é, ọ̀ràn físà sì dá ọkọ rẹ̀ dúró sí Húngárì. Ó gba ipò tó rẹlẹ̀ náà. Nígbà tí Barnathan lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn, David Langer, ọ̀dọ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó ti bá Karikó ṣiṣẹ́ rí, bẹ ẹ̀ka tirẹ̀ kí wọ́n fún un ní ààyè nínú yàrá ìwádìí wọn.

Ó rọrùn láti sọ pé ìfaradà ni ẹ̀kọ́ ibí yìí. Ìfaradà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí ohun mìíràn pẹ̀lú: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ náà fẹ́ parẹ́, ènìyàn kan ló ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe ètò. Bí Langer kò bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwádìí yìí dópin níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ohun tó sọnù.

7.5 Ìdí tí ara fi ń gbógun ti mRNA

Ní ọdún 1997, Drew Weissman dé Pennsylvania. Dókítà ni, onímọ̀ sì ni nípa bí ara ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún HIV. Ìdí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, níbi tí àwọn méjèèjì ti máa ń da ìwé inú jọ́nà kọ, ni òun àti Karikó ti mọra. Karikó sọ fún un pé kò sí mRNA tí òun kò lè ṣe. Weissman ní kí ó ṣe é wá.

Nígbà tí Weissman da mRNA tí Karikó ṣe lé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ aṣọ́de fún ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ta gìrì, wọ́n sì ń tú èròjà tó ń mú ara gbóná kí ó sì wú jáde. Bí a bá fi irú mRNA bẹ́ẹ̀ gún ènìyàn, ara rẹ̀ kò ní gbà á. Ìbéèrè tó dìde ni pé: inú ara wa gan-an kún fún RNA, kí ló dé tí ara kì í bá tirẹ̀ jà?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáhùn ìbéèrè yìí yẹ ní kíkọ́. Wọ́n kó oríṣiríṣi RNA jọ, èyí tí wọ́n mú lára bakitéríà àti èyí tí wọ́n mú lára ẹranko, wọ́n sì dá wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti bakitéríà mú sẹ́ẹ̀lì ta gìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà RNA kan tó ń jẹ́ tRNA, tí wọ́n mú lára ẹranko, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ni tRNA ní tí èyí tí wọ́n ṣe nínú ìgò kò ní? Nínú tRNA, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni sẹ́ẹ̀lì ti ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí lẹ́yìn tí ó kọ ọ́ tán; nínú mRNA inú ìgò, kò sí àtúnṣe kankan. Wọ́n bá ṣe mRNA tuntun tí wọ́n ti fi lẹ́tà alátùn-únṣe rọ́pò àwọn kan. Nígbà tí wọ́n fi pseudouridine dípò U, ara dákẹ́.

Wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde nínú jọ́nà *Immunity* ní ọdún 2005. Ní ọdún 2008, wọ́n fi hàn pé kì í ṣe pé ara dákẹ́ nìkan, mRNA alátùn-únṣe náà tún ń ṣe purotéènì tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 2011, wọ́n fi hàn pé ìdọ̀tí kan tó máa ń bá mRNA rìn, ìyẹn RNA onífọ́nrán méjì, ló ń fa ìyókù ìta gìrì ara, àti pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọ̀ràn náà yanjú. Wọ́n rò pé lẹ́yìn ìwé ọdún 2005, gbogbo ayé ni yóò máa pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè.

7.6 Ta ló ni ìhùmọ̀?

Ní fásitì Amẹ́ríkà, bí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ nǹkan, fásitì ló sábà máa ń ni ín, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn iṣẹ́ wọn ṣe wí. Fásitì a gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó fún òwò yóò sì gba ìyọ̀ǹda, yóò san owó, àwọn tó hùmọ̀ rẹ̀ yóò sì ní ìpín tiwọn. Ìdí tí ìwé yìí fi ṣe pàtàkì fún oògùn ni pé owó tí a ń ná kí oògùn tó jáde pọ̀ gan-an. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá ẹlòmíràn dúró láti ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀nba ni olówó tí yóò fẹ́ fi owó rẹ̀ sí i.

Ní ọdún 2006, Karikó àti Weissman dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ RNARx, kí wọ́n lè fúnra wọn sọ ìhùmọ̀ náà di oògùn. Wọ́n rí owó ìrànwọ́ díẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn àti fásitì kò fẹnu kò lórí ìyọ̀ǹda. Nígbà tó yá, fásitì fún ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìyọ̀ǹda náà, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Cellscript ní Wisconsin. Lọ́wọ́ Cellscript ni BioNTech àti Moderna ti wá gbà á lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí Karikó wá ń ṣiṣẹ́ ní BioNTech, ilé-iṣẹ́ náà ń sanwó fún ẹlòmíràn kí ó tó lè lo ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wọn hùmọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá rò pé òfin kò kan òun, kí ó tún èyí kà.

7.7 Mainz

BioNTech bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mainz, ní Jámánì, ní ọdún 2008. Uğur Şahin àti Özlem Türeci, tọkọtaya dókítà tí ìran wọn ti Tọ́kì wá, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ìwòsàn àrùn jẹjẹrẹ ló wà lọ́kàn wọn. Ní ọdún 2013, Karikó darapọ̀ mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́. Ẹni ọdún 58 ni nígbà náà. Ó ń gbé ní Mainz, ọkọ rẹ̀ sì wà ní Philadelphia. Síbẹ̀ kò já okùn àárín òun àti Pennsylvania, ó ṣì jẹ́ olùkọ́ aláàbọ̀ àkókò níbẹ̀.

Kí ló yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀? Àpẹẹrẹ kan yóò fi hàn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń yọ RNA onífọ́nrán méjì kúrò ní ọdún 2011 dára fún yàrá ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, ó ń fẹ́ kẹ́míkà tó léwu, kò sì rọrùn láti fi ṣe púpọ̀. Ní ọdún 2019, Karikó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní BioNTech gbé ọ̀nà tuntun jáde tó ń lo sẹlulóòsì, èròjà tó wà lára igi àti òwú. Ìdọ̀tí náà a lẹ̀ mọ́ sẹlulóòsì, mRNA tó mọ́ a sì kọjá. Ní fásitì, ìbéèrè ọdún 2011 ti rí ìdáhùn. Ìdọ̀tí ló fa ìṣòro, ó sì ṣeé yọ. Ní ilé-iṣẹ́, ó ku kí á yọ ọ́ lọ́nà tí owó àti àyè yóò gbà.

Ìdènà kejì, ìyẹn bí mRNA yóò ṣe wọnú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹlòmíràn ló bá wọn ṣí i. Ní Vancouver, ní Kánádà, Pieter Cullis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èèpo ọ̀rá tíntìntín tó lè gbé RNA wọnú sẹ́ẹ̀lì. Oríṣi ọ̀rá mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ọdún 2018, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn àkọ́kọ́ tó ń lo irú èèpo bẹ́ẹ̀, patisiran, fún àrùn iṣan ara kan tí a máa ń bí mọ́ni. Bí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ṣe dé, mRNA alátùn-únṣe wà, ọ̀nà àtifọ̀ ọ́ mọ́ wà, èèpo tí yóò gbé e sì wà. Kò sẹ́ni tó kó wọn jọ nítorí Kòrónà. Wọ́n ti wà nílẹ̀.

7.8 Ọdún 2020, ní ìpele dé ìpele

Oògùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ la àwọn ìpele wọ̀nyí kọjá:

- *Ìwádìí ìpìlẹ̀.* Wíwá ohun tó fa àrùn àti ohun tó lè dènà rẹ̀.
- *Ìdánwò lára ẹranko.* Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó ní májèlé nínú?
- *Ìpele kìíní lára ènìyàn.* Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀. Ohun tí a ń wò jù ni bóyá kò pa wọ́n lára.
- *Ìpele kejì.* Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ìwọ̀n wo ló dára jù?
- *Ìpele kẹta.* Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, apá kan gba oògùn, apá kejì kò gbà á, wọn kò sì mọ èyí tí wọ́n gbà.
- *Àṣẹ ìjọba.* NAFDAC ní Nàìjíríà, FDA ní Amẹ́ríkà.
- *Ìṣọ́ lẹ́yìn àṣẹ.* Ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè má hàn títí di ìgbà tí mílíọ̀nù ènìyàn bá ti lò ó.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà tẹ gbogbo lẹ́tà tó wà nínú jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, BioNTech ti dáwọ́ lé iṣẹ́. Ní oṣù Kẹta, òun àti Pfizer fọwọ́ sí àdéhùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, wọ́n fún ènìyàn àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ ìdánwò ní Jámánì. Oríṣi bíi mélòó kan ni wọ́n dán wò pọ̀: mRNA aláìní-àtúnṣe, alátùn-únṣe, àti èyí tó lè da ara rẹ̀ kọ. Alátùn-únṣe ni wọ́n mú, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti yan èyí tí wàhálà rẹ̀ kéré jù lára àwọn tó gbà á. Lẹ́tà tí wọ́n lò dípò U nínú rẹ̀ jẹ́ ìbátan pseudouridine. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ jẹ́ 30 máíkírógíráàmù.

Ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, ó lé ní 43,000 ènìyàn tó kópa. Ìdajì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdajì gba omi iyọ̀ lásán. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí àrùn Kòrónà mú, 170 ni. 162 wà nínú àwọn tó gba omi iyọ̀, 8 péré sì wà nínú àwọn tó gba àjẹsára. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àṣẹ sí i ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, FDA sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 11.

Ohun tó mú kí ó yá ni pé wọ́n ṣe àwọn ìpele kan papọ̀ dípò kí ọ̀kan parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń pèsè oògùn sílẹ̀ kí àbájáde tó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè dà á nù bí kò bá ṣiṣẹ́. Ewu owó ni wọ́n gbà. Ìpele tó ń wo ààbò ènìyàn, wọn kò fo ọ̀kankan. Ìṣọ́ lẹ́yìn àṣẹ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀: òun ló fi hàn pé iṣan ọkàn àwọn kan, pàápàá ọ̀dọ́mọkùnrin, lè wú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀.

Ṣé àtúnṣe lẹ́tà U yẹn ṣe pàtàkì lóòótọ́? Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Jámánì, CureVac, lo mRNA aláìní-àtúnṣe. Nítorí ìta gìrì ara, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 12 máíkírógíráàmù lọ. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ìdènà tí ó fún àwọn tó gbà á kò ju 48 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Oríṣi fáírọ́ọ̀sì tuntun ti gbòde nígbà náà, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ìyàtọ̀ náà lé orí lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wà lára ohun tó fà á.

7.9 Nàìjíríà lójú ọ̀nà yìí

Ìhà àkọ́kọ́ ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn onímọ̀ tí Christian Happi ń darí ní ibùdó ACEGID, ní Fásitì Redeemer's ní ìlú Ẹdẹ, ti ka gbogbo lẹ́tà jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà.

Ìhà kejì ni kò tíì sí. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ mRNA dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ti Moderna tí Amẹ́ríkà fi ta wá lọ́rẹ ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Nítorí irú àìtó bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá ibùdó ìkọ́ni nípa mRNA sílẹ̀ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2021. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ó dárúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà tí yóò kọ́kọ́ gba ìmọ̀ náà: Íjíbítì, Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Sẹ̀nẹ̀gà, Gúúsù Áfíríkà àti Tùnísíà.

Ẹ̀rọ nìkan kò lè parí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ ìdọ̀tí kúrò lára mRNA, ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣètò ìdánwò ìpele kẹta, ẹni tó lè kọ ìwé tí NAFDAC yóò kà, ẹni tó mọ òfin ìhùmọ̀, gbogbo wọn ni iṣẹ́ ń bẹ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ẹni tó kàwé sáyẹ́ǹsì lè dà, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àkótán

mRNA jẹ́ àrokò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì. Karikó àti Weissman rí i pé bí a bá ṣe àtúnṣe sí lẹ́tà U, ara kì í gbógun tì í mọ́. Fásitì ni ìmọ̀ yìí ti jáde. Ilé-iṣẹ́ ni ó ti di oògùn. Láàárín méjèèjì, ó há sórí àìrówó, ó há sórí ìyọ̀ǹda, ó sì há sórí bí a ṣe lè ṣe é púpọ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó kọjá, ènìyàn tó mọ èdè ìhà méjèèjì ló gbé e kọjá.

Ìdánrawò

1. Kọ ìdènà mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà mRNA ní ọdún 1990. Sọ ìhà tí ojútùú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá: fásitì, ilé-iṣẹ́, tàbí méjèèjì.
2. Ṣàlàyé bí tRNA ṣe ran Karikó àti Weissman lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí ara fi ń gbógun ti mRNA inú ìgò.
3. Nínú 170 ènìyàn tí àrùn Kòrónà mú nínú ìdánwò Pfizer àti BioNTech, 162 gba omi iyọ̀, 8 gba àjẹsára. Bí iye ènìyàn inú apá méjèèjì bá dọ́gba, ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí àjẹsára náà fi dín àrùn kù.
4. Bí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan bá jẹ́ 30 máíkírógíráàmù, kílógíráàmù mRNA mélòó ni bílíọ̀nù kan ìwọ̀n yóò gbà? Kí ni ìdáhùn rẹ fi hàn nípa ìyàtọ̀ yàrá ìwádìí àti ilé-iṣẹ́?
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kíkánjú nínú ọ̀ràn owó àti kíkánjú nínú ọ̀ràn ààbò ènìyàn? Fi ọdún 2020 ṣe àpẹẹrẹ.
6. Àríyànjiyàn fún kíláàsì: «Ẹni tó hùmọ̀ nǹkan ló yẹ kó ni ín, kì í ṣe fásitì tó gbà á síṣẹ́.»
7. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ lọ bá olùwádìí kan ní fásitì tó súnmọ́ yín. Ẹ béèrè ìwádìí rẹ̀ kan tó parí sínú jọ́nà, kí ẹ sì kọ ìpele tó kù kí ó tó lè di ohun tí aráàlú ń lò, ẹni tó yẹ kó ṣe é, àti iye tí ẹ rò pé yóò ná wọn.